Ọjọ́ Márùn-ún Nítorí Ilé Onígi Kan: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Little Moreton Hall

Ọjọ́ Kìíní, Ọjọ́rú

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Manchester nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Congleton kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú kékeré ni Congleton, ní agbègbè Cheshire, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí mo torí rẹ̀ wá, Little Moreton Hall, wà ní nǹkan bí kìlómítà 7 sí ìlú náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi iṣẹ́ igi jẹun ní orílẹ̀-èdè yìí, tí mo ń ṣe ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn àti férémù fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì ti rí àwòrán ilé náà lára kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n n kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí ó gbé mi dìde lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo kà nípa àwọn fèrèsé rẹ̀, pé káfíńtà tí ó ṣe wọ́n gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sí wọn lára ní 1559, àti pé orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀. Bàbá mi fi ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ṣe káfíńtà ní Abẹ́òkúta. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ilé tí ó kan òrùlé rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí iṣẹ́ ọkùnrin tí orúkọ tirẹ̀ wà.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù lálẹ́ láti ilé tí mo wọ̀ sí.

“Ẹ káalẹ́, Bàbá. Mo ti dé ìlú tí ilé onígi yẹn wà.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Irú igi wo ni wọ́n fi kọ́ ọ?”

“Igi óákù ni, sà. Ẹ lè fi í wé ìrókò tiwa.”

“Ọdún mélòó ni wọ́n fi sá a kí wọ́n tó lò ó?”

“Wọn ò sá a rárá, sà. Tútù ni wọ́n gé e, tútù náà ni wọ́n fi kọ́lé.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Igi tútù ni ọ̀tá káfíńtà nílé wa. Bí ènìyàn bá fi pákó tí kò gbẹ kan ilẹ̀kùn lónìí, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ilẹ̀kùn náà yóò ti yẹ̀. “Igi tútù á lọ́,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Lọ wò ó dáadáa, kí o wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe é tí kò fi wó lulẹ̀.”

Ọjọ́ Kejì, Ọjọ́bọ̀

Ojú títì ni mo ti kọ́kọ́ rí i, láàárín pápá tí màlúù ti ń jẹ koríko. Àwòrán kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Dúdú àti funfun ni ilé náà láti òkè dé ilẹ̀, igi dúdú ló sì fi ìlà sí ara rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń hun ẹní: òmíràn dúró ṣánṣán, òmíràn dàgẹ̀rẹ̀, òmíràn ká bí ewé mẹ́rin tí a fi ìdí kan ara wọn. Kò sí ìlà kan tí ó tọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Apá iwájú tẹ̀ síwájú, àárín rẹ̀ jìn wọlé, òrùlé rẹ̀ sì wọ́ bí ẹ̀yìn ẹṣin àgbà. Àjà kẹta, tí fèrèsé yí ká láti ìkángun dé ìkángun, jókòó lórí àwọn tí ó kù bí ẹrù ńlá lórí ọmọ kékeré.

Yàrà ni ó yí ilé náà ká, yàrà olómi tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 33, ó sì dàgbà ju ilé fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ìlú wa ṣe ń wa yàrà yí ara wọn ká nígbà ogun yóò kọ́kọ́ rò pé nítorí ọ̀tá ni. Kò dá mi lójú pé ó lè dá ẹgbẹ́ ogun kan dúró, nítorí ilé onígi tí ó ní fèrèsé tó báyìí kò ṣeé jà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, iyì ìdílé ló wà fún, kí àlejò mọ̀ pé òun ti kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni ńlá.

Mo gba orí afárá kọjá, mo gba abẹ́ ilé ẹnubodè wọlé, mo sì bá ara mi nínú àgbàlá kan tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí fún èyí tí ó ju wákàtí méjì lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣàlàyé fún àwọn àlejò, nígbà tí ó sì gbọ́ pé iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, ó mú mi rìn yí àgbàlá náà ká, ó sì ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìran kan ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

William Moreton, onílẹ̀ ọlọ́rọ̀ kan, ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní nǹkan bí 1504. Gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà ní apá àríwá àti díẹ̀ nínú apá ìlà-oòrùn ló kọ́. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ William, ló fi àwọn fèrèsé ńlá tí ó yọ sójú àgbàlá kún un ní 1559, ó sì tún apá ìwọ̀-oòrùn kọ́, níbi tí ilé ìdáná wà. Ìgbà tirẹ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá gúúsù dìde, pẹ̀lú ilé ẹnubodè àti gbọ̀ngàn gígùn orí rẹ̀, ní nǹkan bí 1560. Ní nǹkan bí 1610 ni wọ́n fi ilé ìpọntí àti ilé búrẹ́dì kún igun kan, ilé náà kò sì tún gbòòrò sí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé rí kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹni kan kọ́ yàrá, ọmọ rẹ̀ so òmíràn mọ́ ọn, ọmọ-ọmọ tún so tirẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí agbo-ilé ṣe ń gbòòrò nígbà tí àwọn ọmọkùnrin bá ń gbéyàwó.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Orí ìpìlẹ̀ òkúta ni wọ́n tẹ́ ìtì igi ìsàlẹ̀ lé, kí omi ilẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára ìtì yìí ni wọ́n ti gbẹ́ ihò, tí wọ́n sì gbé òpó dúró sínú ihò náà. Orí àwọn òpó ni wọ́n gbé ìdábùú lé, wọ́n sì fi àwọn igi kéékèèké tí ó dàgẹ̀rẹ̀ de àwọn igun kí ó má baà yẹ̀ sí apá kan. Bí ènìyàn bá yọ gbogbo ògiri kúrò, ilé náà yóò ṣì dúró, nítorí igi ló ń ru ẹrù, kì í ṣe ògiri. Nínú ilé alámọ̀ tiwa, ògiri ni ó ń ru òrùlé. Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo àárín igi nínú irú ilé báyìí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ní tinú-tòde, kí wọ́n tó fi ẹfun kùn ún. Bàbá àgbà mi yóò mọ amọ̀ náà bí ó bá fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá mi wà lára òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí ènìyàn lè súnmọ́ ọn dáadáa. Níbi tí ìdábùú ti wọ inú òpó, orí ìṣó igi méjì yọ síta díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí àtàǹpàkò mi. Kò sí irin níbẹ̀. Káfíńtà gé ahọ́n sí orí ìdábùú, ó gbẹ́ ihò sí ara òpó, ó lu ihò kékeré gba ara òpó kọjá; ṣùgbọ́n nígbà tí ó máa lu ti ahọ́n, kò jẹ́ kí ó bá ti òpó dọ́gba, ó sún un sẹ́yìn díẹ̀ sí ìhà èjìká igi, níbi tí ahọ́n ti yọ jáde, nǹkan bí ìnípọn owó ẹyọ kan. Nígbà tí ó wá fi òòlù gbá ìṣó igi gbígbẹ wọlé, ìṣó náà ní láti tẹ̀ kí ó tó kọjá, bí ó sì ti ń tẹ̀ ni ó ń fa ìdábùú wọ inú òpó típẹ́típẹ́. Igi tútù rọrùn láti gé, òákù gbígbẹ sì máa ń le débi pé irin lè kú lórí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wá ń gbẹ lọ́dọọdún, yóò sún kì, yóò lọ́, ṣùgbọ́n ìṣó ti dì í mú, gbogbo rẹ̀ yóò sì jùmọ̀ lọ́ papọ̀. Wíwọ́ tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé igi yóò yí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Lára igi mìíràn mo rí ìlà tí wọ́n fi irin fà, bí I, II, III. Àmì káfíńtà ni. Nínú ọgbà iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń to férémù pọ̀ lórí ilẹ̀, wọn a fi nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọn a tú u, wọn a wá kó o lọ síbi tí ilé máa dúró sí, kí ahọ́n kọ̀ọ̀kan lè bá ihò tirẹ̀ pàdé.

Ní igun àgbàlá, fèrèsé méjì tí ó yọ síta súnmọ́ ara wọn débi pé òrùlé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ wá wà. Ìlà àkọ́kọ́ sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pé Ọlọ́run ni ohun gbogbo nínú ohun gbogbo, àti pé William Moreton ni ó ṣe fèrèsé wọ̀nyí ní ọdún Olúwa wa 1559. Ìlà kejì sọ pé Rycharde Dale, káfíńtà, ni ó ṣe fèrèsé wọ̀nyí nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Mo kà á títí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún àwọn méjèèjì. Olówó ṣe é, oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe é. Ẹni tí ó sanwó kò fi oníṣẹ́ sí abẹ́ ara rẹ̀ nínú gbólóhùn náà, lẹ́tà tiwọn sì jọ tóbi bákan náà lójú mi. Nílé wa, oríkì ló ń tọ́jú orúkọ oníṣẹ́ ọnà, bí ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tí ó gbẹ́ òpó sí ààfin Ìkéré. Ṣùgbọ́n káfíńtà tí ó kan àjà kì í ní oríkì iṣẹ́. Mo bọ́ fìlà mi nígbà tí mo kà á tán, ọkùnrin tí ó ń ṣàlàyé náà sì dúró tì mí láì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ń jáde ló sọ fún mi nípa àwọ̀ dúdú náà. Kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fi igi òákù sílẹ̀ láìkùn, òjò àti oòrùn sì sọ ọ́ di àwọ̀ eérú tí ń dán bí fàdákà. Àárín igi ni wọ́n ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kùn. Ayé Ọbabìnrin Victoria, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni àṣà kíkun igi ní dúdú àti ògiri ní funfun gbòde. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ilé yìí mọ́ jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un nígbà tí ó ti lé ní 300 ọdún. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn ojú igi ju ojú ọ̀dà lọ. Síbẹ̀, aṣọ náà ti di ara.

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́ Ẹtì

Òjò rọ̀ láàárọ̀, mo sì lo ọjọ́ náà nínú ilé.

Gbọ̀ngàn ńlá ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá gíga kan lọ, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ tí wọ́n tẹ́ koríko odò sí, àárín ilẹ̀ sì ni iná ń jó. Nígbà tí ó yá wọ́n fi àjà kan pín in sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Fèrèsé Rycharde Dale gùn dé òkè nítorí pé yàrá wà lókè láti gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kí 1807 tó dé, wọ́n ti tún yọ àjà náà kúrò, gbọ̀ngàn náà sì padà di gíga. Nísinsìnyí, fèrèsé òkè ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè dúró. Mo wo ìlà ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri òdìkejì. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn àjà tí wọ́n yọ yóò bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń fi fèrèsé ṣe níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n fojú bù ú pé 30,000 awẹ́ gíláàsì ló wà nínú gbogbo ilé náà, tí wọ́n fi òjé so pọ̀. Mo gbá ojú mi mọ́ ọ̀kan. Ó ní ìgbì nínú, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba: ọ̀kan tútù bí ewé, èkejì pupa díẹ̀ bí omi tíì. Gíláàsì àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí mo ti ń mi orí, igi àgbàlá ń mì nínú wọn.

Nínú pálọ̀, ọdún 1976 ni wọ́n yọ pákó kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n sì bá àwòrán lẹ́yìn rẹ̀: ìtàn Susana àti àwọn àgbààgbà, láti inú àwọn ìwé Àpókírífà. Orí ìkookò, tí ó jẹ́ àmì ìdílé Moreton, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti lẹ́tà orúkọ John Moreton tí ó kú ní 1598. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé lábẹ́ ìtàn náà, ayàwòrán fi ọ̀dà ya pákó gbígbẹ́ sára ògiri, bí ẹni pé igi gidi ni. Ìran tí ó tẹ̀ lé e wá fi pákó gidi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó kan pákó yẹn lè ti rò pé òun ń fi ohun tuntun bo ohun tí ó ti gbó. Pákó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí oòrùn àti ọwọ́ àwọn ọmọdé pa àwòrán náà run.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sí gbọ̀ngàn gígùn, ibi tí mo ti ń fojú sọ́nà fún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 68, ìbú rẹ̀ kò ju 12 lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo ń rìn bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òkúta pẹlẹbẹ oníyanrìn, tí ó wúwo púpọ̀, ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, gbogbo ìwúwo náà sì jókòó lórí àwọn yàrá tí ó dà bíi pé wọn kò rò ó mọ́ wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ apá gúúsù. Fèrèsé ló sì yí gbọ̀ngàn náà ká, nítorí náà igi tí ó lè ru ẹrù kò pọ̀ nínú ògiri rẹ̀. Káfíńtà èyíkéyìí lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Òkúta ń ti òrùlé mọ́lẹ̀, òrùlé ń ti orí ògiri síta, ògiri ń fẹ́ ṣí bí ìwé.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà rí i, wọ́n sì ń dá a dúró, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ìgbà rẹ̀ ní. Wọ́n gbà pé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n fi àwọn igi ìdábùú kan de àárín òrùlé náà kí ògiri méjèèjì má baà pínyà. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Elizabeth Moreton, obìnrin tí ó ti fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run nínú Ìjọ Áńgílíkà, jogún ilé náà nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàpà. Ó tún ilé àdúrà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun náà ni ó fi ọ̀pá irin de gbọ̀ngàn gígùn. Láti 1979 títí di 1992 ni wọ́n tún ṣe àtúnṣe ńlá sí ara férémù, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé àwọn òkúta òrùlé kò dúró dáadáa mọ́. Mo dúró sí ibi tí mo ti lè rí igi ìdábùú, mo sì ka oríkèé rẹ̀: iṣẹ́ tí ó ṣe pẹ̀lẹ́ ni, igi tí kò ní ọnà kankan lára, láàárín àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun. Kò sí ẹni tí ó ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni kò jẹ́ kí gbọ̀ngàn náà ti já sínú yàrà.

Ní ìkángun méjèèjì gbọ̀ngàn náà ni wọ́n fi pílásítà mọ ère obìnrin méjì, Oríire ní ọ̀kan, Àyànmọ́ ní èkejì. Inú ìwé kan tí Robert Recorde tẹ̀ jáde ní 1556 ni wọ́n ti wò wọ́n. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ lo àmì ìdọ́gba tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń fà. Àkọlé wọn sọ pé àìmọ̀kan ló ń darí kẹ̀kẹ́ Oríire, ìmọ̀ ló sì ń darí Àyànmọ́. Àárín àwọn méjì yìí ni àwọn ará ilé ti ń rìn kiri nígbà tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n jáde. Wọ́n sì ń ṣeré níbẹ̀, nítorí wọ́n rí bọ́ọ̀lù tẹníìsì mẹ́rin ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún lẹ́yìn pákó ògiri.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin àná ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó wó ilé náà láti kọ́ tuntun, gẹ́gẹ́ bí àwọn olówó mìíràn ṣe fi òkúta àti bíríkì rọ́pò ilé onígi tiwọn. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: owó ló tán. Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn ọba ni ìdílé Moreton wà; àwọn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba ilé náà ní 1643, wọ́n fi àwọn ọmọ ogun sínú rẹ̀, gbèsè sì wọ ọrùn ìdílé náà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ń fi í háyà fún àwọn àgbẹ̀. Ní ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èédú àti ẹrù ni wọ́n ń kó sínú ilé àdúrà. Àgbẹ̀ tí ó ń háyà ilé kì í náwó sí àṣà tuntun; ó kàn ń dí ibi tí ó ń jò ni. Mo rò ó títí mo fi sùn. Bí ìdílé náà bá rí owó ní 1700, kò dá mi lójú pé orúkọ Rycharde Dale yóò wà níbẹ̀ fún mi láti kà.

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo lọ sí Nantwich, ìlú mìíràn ní Cheshire, mo sì pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Crewe. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí Churche's Mansion, ilé onígi tí wọ́n kọ́ fún oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Richard Churche ní 1577. Èyí yàtọ̀. Férémù rẹ̀ jọ ti ẹni tí ó ti rò ó tán kí ó tó gé igi àkọ́kọ́: iwájú mẹ́rin tí ó dọ́gba, olúkúlùkù pẹ̀lú òrùlé ṣóńṣó tirẹ̀, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Níbẹ̀ náà, káfíńtà Thomas Clease gbẹ́ ẹ sí ara ilé pé òun ni òun ṣe iṣẹ́ náà. Mo ti rò pé Rycharde Dale dá nìkan wà ni. Àwọn méjì ní agbègbè kan náà, láàárín ogún ọdún, fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ igi Cheshire ìgbà yẹn mọ iyì ara wọn.

Ní 1583, iná ńlá jó Nantwich fún ogúnjọ́, ó sì pa púpọ̀ nínú ìlú náà run. Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fi 1,000 pọ́n-ùn ṣe ìrànwọ́ láti tún un kọ́. Churche's Mansion kò jóná, nítorí ó wà lẹ́yìn ìlú díẹ̀. Ní nǹkan bí 1930, ewu mìíràn dé bá a: wọ́n fẹ́ tú u kí wọ́n kó o lọ sí Amẹ́ríkà, kí dókítà kan, Edgar Myott, tó rà á tí ó sì tún un ṣe. Ó dà bí ìtàn àròsọ létí ẹni tí ó mọ ilé bíríkì nìkan. Ẹni tí ó ti rí nọ́ńbà káfíńtà lára oríkèé mọ̀ pé ó ṣeé ṣe dáadáa: yọ ìṣó igi, sọ òpó kalẹ̀, dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, tún un tò ní ìlú mìíràn.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ọjọ́ Àìkú

Kí n tó padà sí Manchester mo tún lọ sí Little Moreton Hall fún wákàtí kan péré. N kò wọ inú ilé. Mo rìn yí yàrà ká, mo sì ń wá ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.

Ìdí òpó ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà nínú irú ilé yìí, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé onígi ni ènìyàn rere ti ba jẹ́ nípa fífi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìdí wọn: sìmẹ́ǹtì le, kò sì bá igi lọ́, bí igi bá ti sún kì, àlàfo ṣí láàárín wọn, omi wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde, igi a wá jẹrà láti inú nígbà tí òde ṣì ń dán. Ẹfun àti amọ̀ ń mí, wọ́n ń jẹ́ kí omi jáde. Mo ti rí irú ìbàjẹ́ yìí lára ògiri amọ̀ nílé wa pẹ̀lú, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò bí èèpo, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú.

Mo rí ohun tí mo ń wá lára òpó kan. Wọn kò yọ òpó náà. Wọ́n gé ibi tí ó ti jẹrà nìkan, nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, wọ́n gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ó ní àtẹ̀gùn kékeré láàárín, wọ́n sì gé igi òákù tuntun kan tí ó bá a mu wọ ara rẹ̀, kí ọ̀kan lè gun ẹ̀yìn èkejì. Ìṣó igi mẹ́rin ló dì wọ́n. Ọ̀dà dúdú bo àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú igi tuntun ṣì dán, etí rẹ̀ ṣì mú, ti àtijọ́ sì ti ya ní ìlà gígùn-gígùn bí ọwọ́ àgbẹ̀. Mo fi ìka wá oríkèé náà. Èékánná mi kò wọ̀ ọ́.

Mo pe bàbá mi níbẹ̀, mo sì tan kámẹ́rà fóònù kí wọ́n lè rí i. Mo sọ fún wọn nípa ihò tí wọ́n sún sẹ́yìn, àti bí ìṣó gbígbẹ ṣe ń fa igi tútù mọ́ra. Wọ́n ní kí n gbé fóònù súnmọ́ ọn sí i, kí n yí i sí apá ọ̀tún, kí n tún yí i sí apá òsì.

“Ta ló ṣe àtúnṣe yìí?” ni wọ́n béèrè.

“Wọn ò kọ orúkọ sí i, sà.”

“Ó mọ iṣẹ́ náà,” ni bàbá mi wí. “Gbé e sókè díẹ̀, jẹ́ kí n rí ibi tí ìṣó kẹrin wọ̀.”